Òṣé Ò Gba Èémí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi kí n tó ròyìn ọgbẹ́ mi. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kẹ́yìn sí ìyàwó mi, kí n tó já bọ́ láti orí tírélà, òṣé ni.

Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ má gùn ún. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, irin yẹn á máa yọ̀."

Èmi tí mo ti ń gun tírélà láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ò tíì pé mẹ́ta, aránṣọ tí ohun tó ga jù tó ti gùn rí ò ju àga ìdí máṣíìnì lọ ló fẹ́ kọ́ mi? Mo pòṣé. Òṣé gígùn ni, irú èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti eyín iwájú tí yóò sì parí sí ẹ̀yìn etí. Mo gun tírélà. Mo na ọwọ́ sí táyà sípíà tó wà lókè. Ẹsẹ̀ mi yọ̀. Ìyókù, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi.

Nígbà tí mo lajú, mi ò lè gbé ọwọ́, mi ò lè gbé ẹsẹ̀, mi ò sì lè mí. Àbí kí n sọ pé mò ń mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló ń mí in. Ẹ̀rọ kan tó tó fìríìjì kékeré dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Páìpù jáde lára rẹ̀, ó sì wọ ihò tí wọ́n lu sí mi lọ́fun. Fùùù, ẹ̀rọ á fẹ́ mi, àyà mi á wú. Ṣìì, á tú mi sílẹ̀, àyà mi á rọlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejìlá ní ìṣẹ́jú kan. Mo kà á. Kí ni mo tún rí ṣe? Èmi fọkanáísà, tí mo ti fi ọdún mẹ́rìndínlógún fẹ́ táyà àwọn ẹlòmíràn, ayé wá yí po, wọ́n ń fẹ́ èmi náà, wọn ò tilẹ̀ bi mí pé géèjì mélòó ni mo fẹ́.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti ẹnu. Àwọn oníbàárà mi kì í pe orúkọ mi. Ẹnu-ò-sinmi ni wọ́n ń pè mí. Mo lè lẹ túùbù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà kí ọ̀rọ̀ mi má gé. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló ń gbé ohùn, afẹ́fẹ́ tèmi sì ti ń gba ọrùn jáde kó tó dé ibi tí ohùn wà. Mo ń la ẹnu, mo ń pa á dé, bí ẹja inú bààfù. Ara mi dúró gbọn-in bí igi, ọkàn mi ò dúró. Á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á ka bíríkì tó wà lára ògiri, á padà wá ka ti àná, á ní kò pé. Imú á máa yún mi. Mo fẹ́ dìde. Mo fẹ́ jókòó. Mo fẹ́ yí ìrọ̀rí padà. Ẹ̀rọ á ní fùùù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wà bẹ́ẹ̀, títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí ìyá mi jókòó ti nọ́ọ̀sì, tó ń pìtàn mi fún un.

"Láti kékeré ni ọmọ yìí ti jẹ́ ọmọ jẹ́jẹ́," ìyá mi wí. "Kì í sọ̀rọ̀ rárá. Bí o bá rí i, wàá rò pé odi ni."

Irọ́ yẹn pọ̀ jù fún mi. Kí n tó mọ̀, mo ti pòṣé.

Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀rọ. Ìyá mi wo nọ́ọ̀sì. Ìyàwó mi, tó ń ká aṣọ lójú fèrèsé, ju aṣọ náà sílẹ̀.

"Òun ni!" ó pariwo. "Òṣé rẹ̀ nìyẹn! Màmá, ṣé mo lè ṣì í mọ̀? Irú èyí tó pa sí mi lọ́jọ́ yẹn náà ni!"

Ẹ wò ó, òṣé ò gba èémí. Ahọ́n ni, eyín ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni. Mo tún pa òmíràn láti dán an wò. Ó dún! Bí ìyàwó mi ṣe jókòó tì mí nìyẹn, tó ṣòfin: òṣé kan, bẹ́ẹ̀ ni, òṣé méjì, bẹ́ẹ̀ kọ́, mẹ́ta, imú ń yún mi.

Bí mo ṣe di aláìlójútì nílé ìwòsàn nìyẹn o. Nígbà tí ọ̀gá àgbà àwọn dókítà wọlé, pẹ̀lú táì àti dókítà mẹ́fà lẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi, ó ní, "Ẹ kú ìfaradà, bàbá. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Mo pòṣé sí i lójú.

Ọ̀gá àgbà dìde fúúú. Ìyá mi ti wà lórí eékún. "Ẹ má bínú sà! 'Bẹ́ẹ̀ ni, sà' ló ń sọ, sà!"

Ó wo ìyá mi, ó wò mí. "Ṣé bó ṣe máa ń bu ọlá fún àgbà nìyẹn?"

Mo tún pòṣé. Ẹ̀ẹ̀kan.

A rẹ́rìn-ín, àwọn tó lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí òṣé ò lè gbé. Ojoojúmọ́ ni ìyàwó mi ń wá. Á nu ojú mi, á fi òróró pa ẹsẹ̀ tí mi ò mọ̀ pé mo ní, kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tírélà wá sẹ́nu rẹ̀ rí. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ta ló lè fi òṣé tọrọ àforíjì òṣé? Mo gbìyànjú láti fi ojú bẹ̀ ẹ́. Mo tẹjú mọ́ ọn, mo ṣe ojú àánú, omi kún un.

Ó ní, "Ojú ń dùn yín, àbí?" Ó sì kán oògùn ojú sí i. Oògùn náà ta mí fún wákàtí kan.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni Dókítà Kúkúrú dé. Àwa la sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Bó bá dúró lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, orí rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ nìkan là ń rí. Ọ̀rọ̀ èémí niṣẹ́ rẹ̀. Ó fa àga mọ́ra, ó gun orí rẹ̀ jókòó, ó sì bá ìyá mi àti ìyàwó mi sọ ojú abẹ níkòó.

"Okùn tó wà nínú egungun ọrùn wọn fọ́, kò já tán," ó ní. "Títì ńlá ló jẹ́. Orí rẹ̀ ni ọpọlọ ń gbà ránṣẹ́ sí awọ iṣan tó tẹ́ sábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé bíi pọ́ǹpù. Títì yẹn ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ tín-ín-tín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò rìn rí. Koríko ti bò wọ́n. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí a bá ta ara jí, tí ọpọlọ gbọ́ pé afẹ́fẹ́ ti wọ́n, á máa pariwo ránṣẹ́. Ariwo yẹn á máa wá ibi tó máa gbà. Bó bá ń gba ibẹ̀ lójoojúmọ́, ibẹ̀ á di ọ̀nà."

"Ó dáa," ni ìyá mi wí. "Kí lẹ máa fi ta á jí?"

"A máa dín afẹ́fẹ́ wọn kù, Màmá. Ìṣẹ́jú kan a dín in, ìṣẹ́jú kan a dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́."

Ìyá mi tú gèlè, ó dì í mọ́dìí.

"Ẹni tí kò rí èémí mí? Òun lẹ fẹ́ dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù? Bí ebi bá ń pa èèyàn, ẹ ó gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè mọ oúnjẹ jẹ?"

"Ó fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Ó fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀! Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi pe dókítà tó ga ju èyí lọ!"

Dókítà Kúkúrú rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yẹ̀. Ó ní òun ò ṣèlérí. Ìdánwò ni. Ó ti ṣiṣẹ́ lára àwọn kan, kò ṣiṣẹ́ lára àwọn kan. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fún òun. Bí mo bá lè mí fúnra mi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, wọ́n á fi nǹkan kan sí mi lọ́rùn tí yóò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, ìtọ́jú á sì tẹ̀ síwájú. Bí mi ò bá lè ṣe é, wọ́n á gbé mi lọ sí ilé àwọn tí ẹ̀rọ wọn ò ní kúrò mọ́, ọ̀nà jíjìn, níbi tí ìdákẹ́jẹ́ á ti di ilé mi.

Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀yin lẹ lara yín, bàbá. Ṣé ká ṣe é?"

Mo wo ìyàwó mi. Mo pòṣé kan. Nínú gbogbo òṣé tí mo ti pa láyé, ìyẹn nìkan ni mo fi ìrẹ̀lẹ̀ pa.

Ọjọ́ kìíní, ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé mi gun òkè tí kò ní orí. Etí mi ń hó. Ọkàn mi ń lù bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé tó ń jó. Lẹ́yìn náà wọ́n á dá afẹ́fẹ́ padà, màá sọ̀ kalẹ̀. Kí n tó tún ìnira mi tò, wọ́n á tún ní kí n máa gòkè lọ. Ìyá mi ti yọ abẹ̀bẹ̀ nínú báàgì, ó ń fẹ́ mi ní àtẹ́lẹsẹ̀, bóyá ibẹ̀ lafẹ́fẹ́ máa gbà wọlé. Ó ń sunkún, ó ń fẹ́.

Ọjọ́ karùn-ún, ìyá mi kan náà ló di aago mú.

"Nọ́ọ̀sì! Ìṣẹ́jú ti pé! Ẹ dín in kù! Ẹ má kẹ́ ẹ bà jẹ́!"

Mo pòṣé méjì. Ó tún tẹjú mọ́ aago.

Lẹ́yìn ìdánwò ojoojúmọ́, Dókítà Kúkúrú á dá ẹ̀rọ dúró díẹ̀, á tẹjú mọ́ àyà mi. Àyà ò mì. Ọjọ́ kẹta, rárá. Ọjọ́ karùn-ún, rárá. Ọjọ́ keje, ó kọ nǹkan sínú ìwé, kò sì wo ojú mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ tí ìyàwó mi ń fi ohùn wẹ́lẹ́ bi nọ́ọ̀sì léèrè nípa ilé ọ̀nà jíjìn yẹn: ọkọ̀ mélòó lèèyàn ń wọ̀ débẹ̀, ṣé wọ́n ń fún ìyàwó lága jókòó, ṣé wọ́n máa jẹ́ kóun gbé máṣíìnì ìránṣọ òun wá. Ọkàn mi dìde, ó lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀. Ó fẹ́ẹ̀ lu ilẹ̀ yàrá náà já.

Ọjọ́ kẹsàn-án, lẹ́yìn tí wọ́n wẹ̀ mí láàárọ̀, mo gbọ́ nǹkan kan.

Kí ẹ̀rọ tó sọ pé fùùù, nǹkan kan ń sọ pé fín. Ó kéré, bí ìgbà tí ẹ̀gún tín-ín-tín bá wọ túùbù tí ọlọ́kọ̀ ò tíì mọ̀. Mo kà á. Kì í ṣe méjìlá mọ́ ní ìṣẹ́jú kan. Mẹ́tàlá ni. Mo tún un kà: mẹ́rìnlá. Òógùn bò mí lójú. Ẹ̀rọ ń jò! Ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́nu iṣẹ́ jíjò, ta ni yóò bá mi jiyàn?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé láìdúró. Ìyàwó mi sáré wá.

"Imú ni?" Méjì. "Ìrọ̀rí?" Méjì. "Ẹ fẹ́ kí Màmá dákẹ́?" Mo rò ó wò díẹ̀. Méjì. "Ẹ̀rọ ni?" Ẹyọ kan. "Kí ló ṣe ẹ̀rọ? Ó ń jò?"

Òṣé kan, gígùn.

Wọ́n pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Kọ́kọ́rọ́ àti sípánà ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní ìdí rẹ̀. "Ta ló ní ó ń jò?"

"Ọkọ mi," ìyàwó mi wí.

"Ẹnu wo ló fi sọ ọ́?"

"Fọkanáísà ni."

Ọkùnrin náà tún mi wò, bí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń wo oníṣẹ́ ọwọ́. Ó yọ búrọ́ọ̀ṣì, ó po ọṣẹ, ó ń fi ìfófòó kun gbogbo oríkèé páìpù, bí mo ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́. Ìfófòó ò gbéra. Ó pààrọ̀ páìpù kan. Fín. Ó pààrọ̀ èkejì. Fín. Ó ti ẹ̀rọ mìíràn wọlé, ó so ó mọ́ mi. Fín, fùùù. Mo wá ń pòṣé sí i bí ọ̀gá sí ọmọṣẹ́ tó fi jáàkì sábẹ́ ibi tí kò yẹ. Òógùn ń ro tótó létí rẹ̀. Ẹ̀rọ méjì, méjèèjì ń jò! Irú ilé ìwòsàn wo rèé?

Dókítà Kúkúrú gba àárín wa kọjá. Ó wo nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ. Ó gun àga. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi lábẹ́ egungun ìhà, ó sì pa ojú dé.

Ó ní, "Ẹ kó ọṣẹ yín kúrò."

"Ṣé ẹ ti rí ibi tó ń jò?" ọkùnrin náà béèrè.

"Kò sí ohun tó ń jò. Ẹ̀rọ yìí ń dá èèyàn lóhùn ni. Bí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì bá fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ á gbọ́, á sì sáré bá a parí rẹ̀. Bàbá, ẹ̀yin lẹ̀ ń fà á. Ẹ̀yin ni fín."

Ẹ bá mi wò ó. Ọjọ́ tí mo gbọ́ èémí ara mi, èmi ọ̀gá afẹ́fẹ́, mo ní pọ́ǹṣà ni.

Ìyàwó mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó da aṣọ bojú. Ìyá mi na aago sókè. "Ṣé mi ò wí? Ta ló ní kí ẹ dín in kù? Ṣebí èmi ni!"

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún pé. Ọ̀gá àgbà wá pẹ̀lú táì rẹ̀ àti èrò ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n tú páìpù kúrò lọ́rùn mi, ẹ̀rọ sì dákẹ́. Mi ò mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ máa ń dẹ́rù bani tó bẹ́ẹ̀. Mo fa afẹ́fẹ́. Ó wọlé. Mo tún fà á. Ìṣẹ́jú kan. Mo ń ṣọ́ ọ bí ẹni ṣọ́ wàrà lórí iná: ṣé èyí á wọlé, ṣé tó ń bọ̀ á wọlé? Ìṣẹ́jú méjì. Àṣìṣe ńlá. Èémí kì í fẹ́ kí wọ́n máa wo òun lẹ́nu. Ní ìṣẹ́jú kẹta, mo ti ń já a gbà kékeré kékeré, nọ́ńbà ń sọ̀ kalẹ̀, Dókítà Kúkúrú sì ti mú páìpù lọ́wọ́. Mo rí ọ̀gá àgbà tó ń wo aago. Ó ti tán, mo wí lọ́kàn mi.

Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí.

"Bàbá Ìbejì, ohun kan wà tí mo ti ń fi pamọ́ fún yín. Jẹ́jẹ́ ti kó wọ ṣọ́ọ̀bù yín."

Jẹ́jẹ́ ni fọkanáísà tó wà ní òdìkejì títì wa. Kò lẹ táyà rí láyé kí ó má tún jò kó tó dé kọ́nà.

Òṣé méjì!

"Ó ti wọ̀ ọ́ o. Ó ní òun ń bá yín dáàbò bò ó ni. Pọ́ǹpù yín ló ń lò. Ó ti kùn ún ní àwọ̀ ewé."

Àwọ̀ ewé! Pọ́ǹpù tí mo fi ọwọ́ ara mi tún ṣe!

"Ó ti yọ pátákó yín, ó fi ń jókòó jẹun. Dírẹ́bà tírélà gígùn yẹn, oníbàárà yín láti ọdún wo, òun náà ti ń lọ bá a. Ó ní ẹ̀yin lẹ máa ń sọ̀rọ̀ jù."

Inú bí mi dé ibi tí mi ò mọ̀ pé inú wà. Ikùn mi ń gbéra, ó ń wálẹ̀, ó ń gbéra. Mo ń to gbogbo ohun tí màá ṣe fún Jẹ́jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ti débi tí màá ti fi sípánà ńlá—

"Ìṣẹ́jú mọ́kànlá," Dókítà Kúkúrú wí.

Ta ló ń sọ ti ìṣẹ́jú?

Ó fi nǹkan kékeré kan dé ọrùn mi. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: fáàfù ni! Bíi ti táyà gẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ wọlé, kò ní gba ibẹ̀ jáde, á wá gba ọ̀nà ohùn lọ.

"Ẹ sọ̀rọ̀, bàbá," ó wí.

Gbogbo yàrá ò mí mọ́, àfi èmi. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń hun láti ọ̀sẹ̀ méje wà nílẹ̀: Ìyá Ìbejì, olólùfẹ́ mi, agọ̀ ló ṣe mí, foríjì mí. Mo la ẹnu. Ohùn tó jáde dà bíi ti ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí rí.

"Ta ló... fún un... ní pọ́ǹpù mi?"

Ìyá mi ní, "Yéè! Ohùn ọmọ mi!" Ọ̀gá àgbà tú táì rẹ̀, ó sì fi nu ojú.

Ìyàwó mi wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó wá pòṣé. Ẹ̀yin ará, mo ti pòṣé láyé mi, mi ò tíì gbọ́ irú ìyẹn rí. Ó gùn ju tèmi lọ, ó ní kọ́nà, ó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

"Kò sẹ́ni tó fún un," ó ní. "Jẹ́jẹ́ ò tẹ ṣọ́ọ̀bù yín. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rèé nínú báàgì mi. Mo wulẹ̀ fẹ́ kẹ́ ẹ gbàgbé pé ẹ̀ ń mí ni."

Ara mi rọ̀. Mo fa afẹ́fẹ́, èmi fúnra mi.

"Òṣé... ọjọ́ yẹn," mo wí. Mo tún fà á. "Má bínú."

Ó yíjú sí fèrèsé.

"Kí lẹ wí? Mi ò gbọ́."

"Má... bínú."

"Ẹ gbé e sókè."

"Ìyàwó, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi," Dókítà Kúkúrú wí.

"Dókítà, ẹ fi wá sílẹ̀ jàre. Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé bó bá ń gba ibẹ̀ lójoojúmọ́, ibẹ̀ á di ọ̀nà?"

Mo ti wà nílé báyìí. Ẹ̀rọ ṣì ń bá mi mí bí mo bá ń sùn. Bí ojúmọ́ bá mọ́, tèmi ni mò ń mí. Ọwọ́ òsì mi ti ń gbé ìka kan. Láràárọ̀, bí ìyàwó mi bá ti fi fáàfù sí mi lọ́rùn, á fa àga mọ́ra, á kó aṣọ rírán sí itan, èmi á sì bẹ̀rẹ̀: má bínú, má bínú, ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún. Ìyá mi ló ń di aago mú.

Ó ní òun ò tíì gbọ́.